Kọ̀ǹpútà Tí Yóò Gba Gbogbo Ọmọ Ìyá Rẹ

Ilé Ajíbóyè,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
Ìwó.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, 1998.

Olúwagbénga Àkànjí, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà Èkó, mo sì kí ọ kú àtijọ́, nítorí àtijọ́ náà ti pọ̀ jù. Ìyàwó wa Fẹ́rànmí ńkọ́, ṣé àyà tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Ẹ̀rínọlá ńkọ́, ṣé ó ti ń lọ sílé ìwé, ṣé kì í sunkún mọ́ tí ẹ bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀? Ọlọ́run tó mú wa rí oṣù kẹwàá yóò mú wa rí oṣù kejìlá, kò ní sọ ẹnì kan di àwátì nínú ilé rẹ, kò ní jẹ́ kí o fi owó tí o làágùn fún wo àìsàn, ilẹ̀kùn tí o bá kàn yóò ṣí fún ọ, èyí tí kò bá sì ṣí, ṣebí káfíńtà ni bàbá rẹ, ránṣẹ́ pè mí kí n wá tú u. Àmín.

Tí o bá ń fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, a wà, ara ni kò kàn ta kánkán. Eékún mi tó ń ró nígbà tí o wà nílé ṣì ń ró, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń ró báyìí kí n tó lè dìde. Òjò ọdún yìí ṣí páànù mẹ́ta lórí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ti gun òkè lọ kàn án padà fúnra mi, ìyá rẹ dúró nísàlẹ̀ ó ń di àkàbà mú, ó ń sọ fún mi pé kí n rọra, òun tí kò rí ibi tí mo wà. Iṣu tí a gbìn sí Olúpọ̀nnà ta dáadáa. Mo ti kó tìrẹ sọ́tọ̀ bí mo ṣe kó ti èṣí sọ́tọ̀, ti èṣí ti jẹrà. Alhaja Ràhámọ̀tù aládùúgbò wa kí ọ, ó bi mí bóyá o ṣì wà láyé, mo ní o wà, ó ní òun kàn bèèrè ni.

Ọ̀rọ̀ ojú ìyá rẹ ni kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ló bí gbogbo ìyókù. Dókítà ojú ní Òṣogbo tún yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù tó kọjá. Ojú ọ̀tún ti lọ pátápátá, ìyẹn o ti mọ̀. Ti òsì ló kù, òun náà sì ń dí láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, débi pé tó bá wo ènìyàn lójú báyìí, kò rí etí onítọ̀hún. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ní oògùn tí à ń kán sí i kò lè dá ohun tó ti lọ padà, ó kàn lè bá wa bẹ̀ ẹ́ kó má yára ni, òun kò sì lè ṣèlérí pé ojú náà yóò rí ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀. Ó tún ní kí ìyá rẹ má wo tẹlifíṣọ̀n ju ìdajì wákàtí lọ lóòjọ́. Ìyá rẹ bi í bóyá òun lè tọ́jú ìdajì wákàtí ti àárín ọ̀sẹ̀ pa mọ́ kí òun wá kó gbogbo rẹ̀ lò lọ́jọ́ Àìkú. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín, ó ń retí èsì.

O mọ àwọn kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí mo kan àpótí fún. Ọ̀kan ni ìgbéyàwó Adébísí, ẹ̀gbọ́n yín àgbà. Ọ̀kan ni ìgbà tí Olúṣẹ́gun gboyè ní Zaria, tó wọ aṣọ dúdú gbọọrọ bí àlùfáà, tó sì ń fi ọwọ́ ti fìlà kó má bàa ṣubú. Ọ̀kan ni ìsọmọlórúkọ Ẹ̀rínọlá, níbi tí o ti gbé ọmọ lọ́wọ́ tí òógùn bò ọ́. Ìkẹrin ni ti ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí Àánúolúwa, àbíkẹ́yìn wa, ti dá orin kọ, tí bọ́tìnnì àyà rẹ̀ já, tó ń fi ọwọ́ kan di aṣọ mú títí orin fi parí, kò sì ṣì í. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni ìyá rẹ máa ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n kí n tó dá kásẹ́ẹ̀tì kan padà sẹ́yìn, kí n yọ ọ́, kí n ki òmíràn bọ̀ ọ́, omi ti ń ṣàn lójú rẹ̀, ìdajì wákàtí ti pé, kì í rí ẹni tó bá gbẹ̀yìn wò. Ẹni tó sì máa ń gbẹ̀yìn ni ìwọ tàbí Àánú, nítorí bí a ṣe bí yín ni mo ń tò yín. Lọ́jọ́ kan tó ń ká aṣọ, ó sọ fún mi pé lóòótọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lòun bí yín, ṣùgbọ́n òun kò tọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, inú àwo kan náà lẹ ti jẹun, òun sì fẹ́ rí yín pa pọ̀ nínú àwo kan kí ilẹ̀ tó ṣú fún òun. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bèèrè iyọ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Mo lọ gba owó ìfẹ̀yìntì mi ní bánkì kan ní Òṣogbo, mo dúró síwájú ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí wọ́n pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin bí fèrèsé. Àwọn mọ́tò wà ní igun kan, obìnrin tó ń sanwó wà ní igun kejì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ìkẹta. Nínú igun kẹrin, bàbá arúgbó kan dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ó di fìlà rẹ̀ mú bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo sọ fún ọkùnrin yẹn pé ẹ̀yin ará bánkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àga fún bàbá yẹn. Ó wò mí, ó tún wo tẹlifíṣọ̀n náà. Mo fi fìlà mi nà sí i kó lè mọ ẹni tí mò ń wí, bàbá náà gbé fìlà tirẹ̀ sókè. Gbénga, ibẹ̀ ni mo ti mọ bí ẹ̀yìn mi ṣe rí. N kò mọ̀ pé mo ti darúgbó tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó sọ fún mi nílé. Ṣùgbọ́n bí ojú ṣe ń tì mí náà ni mò ń rò ó pé tí dígí kan bá lè gba mọ́tò, kó gba obìnrin, kó gba ilẹ̀kùn, kó tún gba èmi, kò sí ìdí tí kò fi ní gba àwọn ọmọ mi. Mo bi ọkùnrin náà bóyá mo lè mú kásẹ́ẹ̀tì wá ní Sátidé tí bánkì bá ti padé, kí n mú ìyá rẹ dání, àwa yóò gbé àga tiwa wá. Ó ní rárá, pé nítorí olè ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀. Mo ní àwọn ọmọ mi kì í ṣe olè. Ó ní òun mọ̀, Bàbá.

Mo délé, mo yá tẹlifíṣọ̀n àti fídíò Alhaja, mo yá ti pásítọ̀, mo tò wọ́n ti tiwa. Iná ìjọba kò sí, a tan ẹ̀rọ iná Alhaja, ó gbé ọ̀kan, ó gbé méjì, nígbà tó kan ẹ̀kẹta ó wú ikọ́, ó dákẹ́. Bó tilẹ̀ gbé e, kò ní wúlò, nítorí ìyá rẹ ní bí òun bá wo ọ̀kan, òun kì í rí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú dígí kan ṣoṣo ni gbogbo yín gbọ́dọ̀ wà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí ọ lóṣù tó kọjá, tí ìwọ náà fi dáhùn pé kọ̀ǹpútà lè ṣe é, pé kí n lọ wo èyí tí agbára wa ká ní Òṣogbo, kó lè wà nítòsí ẹni tí yóò máa tún un ṣe, pé o óò fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. O ṣeun. Ọwọ́ rẹ kì í dilẹ̀ lórí wa, bí mo ṣe máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn.

Ẹni tí wọ́n júwe fún mi ń jẹ́ Àbdùlsàmàd, ọmọ Ilé-Ogbó ni, òkè ilé kan ló ti ń ta kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí mi, wáyà tó wà nílẹ̀ kò jẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì. Mo ní kó fi ọjà hàn mí. Mo fi ìka kan àpótí àkọ́kọ́, irin ni, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ọ̀dà bò. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò fi igi ọ̀mọ̀ kàn án, ó ní nítorí ooru ni. Mo ní kó ṣí i kí n rí inú rẹ̀. Ọmọ mi, òfìfo ni. Pátákó kékeré aláwọ̀ ewé kan, fáànù kan tí kò tó ẹnu ife, okùn wẹ́wẹ́, ó tán, ìyókù jẹ́ afẹ́fẹ́. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo kan àpótí tí mo sì fi àyè ṣòfò tó bẹ́ẹ̀, àwọn òyìnbó míṣọ́n tí mo bá ṣiṣẹ́ ìbá ti lé mi láti ọdún 1961. Ó tún ní kí n gbé ọwọ́ lé nǹkan kékeré kan tó ní ìrù, pé bí mo bá ṣe ń fà á lórí tábìlì ni ọfà kan yóò máa rìn nínú dígí. Mo fà á títí tábìlì fi tán, ọfà kò tíì dé ibi tó ń lọ. Mo yọ téèpù mi, mo wọn tábìlì náà, mo sọ fún un pé èyí tí èmi bá kàn yóò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oríṣi mẹ́ta ló fi hàn mí. Èkíní ti gbó, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é, 486, ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà. Ó fi fíìmù sí i kí n rí i. Ẹni inú rẹ̀ rìn, ó dúró, ó rìn, ó tún dúró, bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Mo sọ fún Àbdùlsàmàd pé ìyẹn kò burú, bí èmi náà ṣe ń rìn nìyẹn, a óò máa ṣe sùúrù fún un. Ó ní fíìmù kan ṣoṣo nìyẹn, tí òun bá fi èkejì kún un, wọn yóò dúró, wọn kò sì ní rìn mọ́. Mo ní kó ta mẹ́rin fún mi ní ẹ̀dínwó kí n tò wọ́n sórí àga kan, ó ní dígí mẹ́rin náà ni a óò rà, mo rántí ojú ìyá rẹ, mo ní kó fi àwọn yòókù hàn mí. Oríṣi kejì ni wọ́n ń pè ní Pẹ́ńtíọ̀mù, ẹ̀kẹta ni Pẹ́ńtíọ̀mù Kejì. Àpótí wọn kò yàtọ̀, mo kan gbogbo rẹ̀ wò, bákan náà ló ń dún. Mo bi í pé kí ló wá mú owó yàtọ̀, ó ní ọpọlọ wọn ni, àti ibi tí wọ́n ń di ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ mú sí, tó ń pè ní mẹ́mórì. Ó ní tí fíìmù mẹ́rin bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ lè máa dá gbogbo wọn lóhùn láìjẹ́ kí ọ̀kan dúró de èkejì. Ìyẹn yé mi kíá. Mo rántí ìyá rẹ nígbà tí ẹ kéré, tí Adébísí ń ròyìn ohun tí tíṣà wí, tí Olúṣẹ́gun ń bèèrè ẹran, tí ìwọ ń sunkún, tí Àánú ń fa ìró rẹ̀, tó ń dá gbogbo yín lóhùn, iṣu tó wà lórí iná kò sì jóná. Mo sọ fún un pé Pẹ́ńtíọ̀mù Kejì ni mo fẹ́ sílé nígbà náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

Mo wá sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ tò yín. Mo ní Adébísí lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, Olúṣẹ́gun tẹ̀ lé e, kí àwọn yòókù wà nísàlẹ̀, nítorí a kì í gbé àbúrò lé ẹ̀gbọ́n lórí. Ó ní ibi tí a bá fẹ́ ni a lè gbé wọn sí, kọ̀ǹpútà kò bìkítà. Mo ní èmi bìkítà. Ó ní kò burú, kí n ṣáà sọ fún òun, ọmọ mélòó ni gbogbo wọn.

Mo wò ó. Ọmọ Yorùbá ni, ó sì ń bi mí ní irú ìbéèrè yẹn lójú ọ̀sán. Mo ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ kì í sì í fi ẹnu ara rẹ̀ kà á. Ó tọrọ àforíjì, ó ní bí bàbá òun náà ṣe máa ń wí nìyẹn, ṣùgbọ́n iye fíìmù ló ń sọ iye owó, òun kò mọ ọgbọ́n tí òun lè dá sí i. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye tí Ọlọ́run fún wa. Ó ní kọ̀ǹpútà kò mọ iye yẹn. A wà lẹ́nu rẹ̀ títí, oníbàárà méjì wọlé, wọ́n tún jáde. Nígbà tó pẹ́, mo ní èmi kò ní kà, orúkọ ni n óò máa dá, kí òun máa tẹ ìka. Mo dárúkọ Adébísí, mo dárúkọ Olúṣẹ́gun, mo dárúkọ rẹ, mo dárúkọ Àánúolúwa, ó tẹ ìka mẹ́rin. Ó ní Pẹ́ńtíọ̀mù Kejì nìkan ló lè gbé mẹ́rin, pẹ̀lú mẹ́mórì tó pọ̀ àti káàdì fídíò tó dáa, àti iṣẹ́ kíkó àwòrán inú kásẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́wàá náírà. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó rí ojú mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ mẹ́ta ni, Pẹ́ńtíọ̀mù lásán lè fara dà á tí a bá jẹ́ kí àwòrán kéré, ìyẹn jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Ó bi mí bóyá kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè fò.

Kò mọ nǹkan kan, má bínú sí i. Oníṣòwò tó fẹ́ bá àgbàlagbà dín owó kù ni.

Gbénga, èmi bàbá rẹ, díákónì láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, mo la ẹnu mi, mo ní kó yọ Àánúolúwa. Mo ní òun lè má sí níbẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, nítorí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́fà náírà. Àbdùlsàmàd na ìka kan padà, ó bi mí bóyá òun ni àbíkẹ́yìn tí kò ní bínú. Mo ní kò ní bínú, ó ti lọ sílé, ọdún kẹta rèé tó ń lọ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè, kò mọ̀ bóyá kó tún ìka yẹn tẹ̀ ni tàbí kó jẹ́ kó nà. Ó fa páálí kan sí mi nídìí, ó ní kí n jókòó, ó lọ ra omi tútù fún mi, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Láti Òṣogbo dé Ìwó, ohun tí mo sọ yẹn ni mò ń rò nínú mọ́tò. O mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwa méjèèjì jókòó sílé níbí, a kò bèèrè ibẹ̀, títí di òní n kò mọ̀ bóyá òdòdó wà níbẹ̀ tàbí koríko. Ìwọ nìkan lo ṣe gbogbo rẹ̀ ní Èkó, ìwọ tí o mú un sọ́dọ̀ kó wá kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ìwọ tí o gbé e lọ sílé ìwòsàn, tí ibà fi pa á lọ́jọ́ kẹta mọ́ ọ lọ́wọ́. Mo máa ń fi ṣe ìtùnú pé bí a kò ṣe lọ yẹn, ohun tó tọ́ ni a ṣe. N kò mọ̀ pé n óò wá fi ẹnu ara mi sin ọmọ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà.

Mo fẹ́ fi pa mọ́ fún ìyá rẹ, n kò lè fi pa mọ́, nítorí láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń lọ ló ti ń gbọ́ ohun tí ènìyàn kò sọ. Mo rò ó fún un tán, Pẹ́ńtíọ̀mù àti mẹ́mórì àti iye owó, mo tún sọ ohun tí mo sọ. Mo ń retí ẹkún. Ó bi mí pé èwo ló rọjú jù nínú gbogbo rẹ̀, mo ní ti mẹ́ta. Ó ní èwo ló tún rọjú ju ìyẹn lọ. Mo ní kò sí, àfi tẹlifíṣọ̀n àti fídíò tiwa tó wà nílẹ̀ yìí, tí kò lè fi ju ẹnì kan hàn lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ẹnì kan náà tó. Ó ní ẹ̀yin tí ẹ wà láàyè, kí lòun ń fi ẹ̀rọ wá yín kiri fún, ṣé òun kò lọ́wọ́ ni. Ó ní òun óò fọwọ́ rí yín, orí yín, etí yín, èjìká yín, ìyẹn kò gba ojú. Ojú díẹ̀ tó ṣẹ́kù yìí, ó ní Àánú nìkan lòun fẹ́ fi wò, nítorí òun nìkan ni ọwọ́ òun kò lè tó mọ́.

Mo jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fá pákó kan tí n kò nílò.

Nítorí náà, má ra kọ̀ǹpútà mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, mo sì ti ń yí i ká láti òkè lẹ́tà wá. Láti ìgbà tí Àánú ti lọ, ẹsẹ̀ rẹ kò tẹ ilé yìí. O fi fáànù ránṣẹ́, o fi mílíìkì ránṣẹ́, o fi tẹlifíṣọ̀n àti fídíò ránṣẹ́, awakọ̀ tó ń gbé wọn wá ti mọ ilé wa ju ọmọ rẹ lọ. Mo mọ ohun tó dá ọ dúró. Adébísí sọ̀rọ̀ líle sí ọ nígbà náà, pé ṣebí ọ̀dọ̀ rẹ ló wà. Ó ti kọ̀wé sí mi láti Kano pé ẹnu òun ló yá ju inú òun lọ, òun kò mọ bí òun yóò ṣe bẹ̀ ọ́. Olúṣẹ́gun máa ń ti Pọtakọ́t bọ̀, ó máa ń kọjá ní Ìbàdàn, kì í yà sọ́dọ̀ wa, ó ní ilé náà tóbi jù tí òun bá dá nìkan wà níbẹ̀. Gbénga, èmi àti ìyá rẹ kò fi ọjọ́ kan rò pé ìwọ lo jẹ́ kó kú. Ibà ló pa á. Tí a kò bá sọ ọ́ fún ọ rí, ẹ̀bi wa ni, a rò pé o mọ̀, àwọn àgbà a sì máa rò pé ọmọ mọ nǹkan tí ẹnì kankan kò sọ fún un. Mo sọ ọ́ wàyí, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ìyá rẹ ní tí o bá dé, ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ bi ọ́, kì í ṣe ẹjọ́: kí ni Àánú jẹ kẹ́yìn, ṣé ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ lónìí, tìrẹ ni ìkẹta. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni mo dá fún gbogbo yín. Ẹ má kọ̀wé sí ara yín láti mọ ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tí kò bọ̀, kí oníkálukú ṣáà dìde.

Ní ti owó, má rò pé n kò ní bèèrè, bàbá tí kò bèèrè owó, àwọn ọmọ rẹ̀ a máa bẹ̀rù pé ara rẹ̀ kò yá. Bá mi wá ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Igo oògùn ojú kan yóò ti inú rẹ̀ jáde, àti bẹntiróòlù fún ẹ̀rọ iná Alhaja, nítorí n kò lè gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba lọ́jọ́ náà, àti owó ẹni tí yóò bá wa fọ orí fídíò, ìlà kan ti ń gba ojú Àánú kọjá. Owó ọkọ̀ ìwọ àti Fẹ́rànmí àti Ẹ̀rínọlá, fi ìyẹn náà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ ni kí o fi í ránṣẹ́ sí.

Ọlọ́run yóò la ọ̀nà fún ọ láti Èkó dé Ìwó, mọ́tò tí o bá wọ̀ kò ní takú, ẹsẹ̀ rẹ kò sì ní kọ̀ nígbà tó bá ku díẹ̀. O óò pẹ́ fún Ẹ̀rínọlá, Ẹ̀rínọlá yóò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ. Ìwọ kò ní jókòó sílé kí àwọn ènìyàn lọ bá ọ sin ọmọ, ojú rẹ yóò ríran títí dọ́jọ́ alẹ́. Bí o bá dé, má dúró lẹ́nu ọ̀nà kí o máa kí wa láti ibẹ̀. Wọlé, kí o dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyá rẹ, kí o má sọ̀rọ̀, kí o má sì sọ ẹni tí o jẹ́. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ ọ́n fúnra òun.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. Ajíbóyè, káfíńtà.